Basi Ṣì Wà ní Òpópónà Adétọ́lá

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Bí a bá ń wá eré orí tẹlifíṣàn tó fi òtítọ́ òwe yìí hàn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, n kò rò pé a ó rí èyí tó ju Basi and Company lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1986 títí di ọdún 1990 ni NTA, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀, fi ń gbé eré apanilẹ́rìn-ín yìí sórí afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1987, ìwé ìròyìn New York Times ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ròyìn rẹ̀ pé mílíọ̀nù 30 ọmọ Nàìjíríà ló ń wò ó tí wọ́n sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Eré náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé. Síbẹ̀, ẹ dárúkọ Mr. B létí ẹni tó wò ó nígbà náà, ẹ ó rí i pé ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu onítọ̀hún kí ó tó sọ ohunkóhun.

Àwọn kan yóò ní àárò ìgbà èwe ló ń sọ gbogbo wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré ni a wò nígbà èwe tí a kò rántí orúkọ wọn mọ́. Èrò tèmi ni pé Basi kò kúrò lọ́kàn wa nítorí pé ẹni tí ó jẹ́ kò kúrò láàárín wa. Ohun tó sì yẹ kó máa ká wa lára ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kí a lè máa rín in, àwa ni a wá gbé e lé orí wa bí àdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ráńpẹ́ fún àwọn tí wọn kò tíì dé ilé ayé nígbà náà. Yàrá kan ṣoṣo ni Basi ń gbé ní Òpópónà Adétọ́lá, ní ìlú Èkó. Kò ní iṣẹ́, kò ní owó, kò sì ní ìtìjú. Mr. B ni ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa pe òun. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa kan ni ó máa ń wọ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí i láyà pé ẹni tó bá fẹ́ di mílíọ́níà, àfi kí ó máa ronú bíi mílíọ́níà. Alali, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ebi kì í dá sí, kì í jìnnà sí i. Madam ni onílé. Owó ilé tí Basi jẹ ẹ́ kò lóǹkà, ìgbàkígbà tó bá sì yọjú ni ó ń rán gbogbo ayé létí pé ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ òun. Dandy wà níbẹ̀, ẹni tó ni ilé ọtí. Josco wà níbẹ̀, gbájúẹ̀ paraku. Segi náà wà níbẹ̀, arẹwà obìnrin tí ojú rẹ̀ là. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Basi yóò gbọ́ òórùn owó níbì kan, yóò gbìmọ̀, yóò purọ́, yóò kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, owó náà yóò sì bọ́. Bí eré bá parí, yàrá kan náà ni, gbèsè kan náà ni, Madam kan náà ni yóò sì tún wá gba owó rẹ̀.

Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni tó kọ eré náà tó sì náwó sí i, kò fi ibi tí Basi ti wá pamọ́. Nígbà tó sọ ọ́ di ìwé ní ọdún 1987, ó pè é ní àlọ́ ìgbàlódé ti ilẹ̀ Áfíríkà. Kuru, ìjàpá inú àlọ́ àwọn Ogoni, ni baba tó bí Basi lọ́mọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe Ìjàpá ọkọ Yánníbo fún wa? Wọ́n bi Ìjàpá pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Bí a bá yọ orúkọ Ìjàpá kúrò nínú òwe yìí tí a fi ti Basi sí i, kò sí ohun tó yí padà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Basi ń rin àjò náà, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ó sì ń tẹ́ kí ó tó padà sílé.

Ẹ wo bí a ṣe máa ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá. Kò sí ọmọ tó jókòó síwájú ìyá àgbà tí kò mọ̀ pé Ìjàpá yóò tẹ́ níkẹyìn. Ohun tí ọmọ ń retí ni ọgbọ́n tí ahun yóò dá lọ́tẹ̀ yìí àti ọ̀nà tí ọgbọ́n náà yóò gbà gbé e ṣubú. Lọ́la, nínú àlọ́ mìíràn, Ìjàpá yóò tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ìyà kò jẹ rí. A kò bínú pé kò kọ́gbọ́n, nítorí bí ó bá kọ́gbọ́n, àlọ́ tán nìyẹn. Orí òpó kan náà ni Basi and Company dúró lé. Bí Basi bá rí iṣẹ́ gidi ṣe, tó san owó ilé rẹ̀, tó sì ra oúnjẹ fún Alali, inú gbogbo wa yóò dùn fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà a ó wá ohun mìíràn wò.

Èyí ni mo fi gbà pé ìwà ẹ̀dá ló ń mú kí irú eré báyìí pẹ́. Àwàdà lásán lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá tún sọ ọ́ lọ́la, ó ti kan. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìdajì. Basi ń fẹ́ mílíọ̀nù. Alali ń fẹ́ oúnjẹ. Madam ń fẹ́ owó ilé rẹ̀. Josco ń wá ẹni tí yóò lù ní jìbìtì. Ẹ ju ìròyìn owó kan sáàárín àwọn mẹ́rin yìí, kí ẹ sì jókòó máa wò wọ́n. Ẹ̀rín yóò ti inú wọn jáde fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yọ̀ ṣubú tàbí pé wọ́n gbá ẹnikẹ́ni létí. Ẹ̀rí kan tún wà tó fi hàn pé Basi lágbára ju òṣèré kan ṣoṣo lọ. Albert Egbe ni ó kọ́kọ́ ṣe é, tí gbogbo ènìyàn sì fi ojú Basi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, Zulu Adigwe gba ipò náà. Ojú yí padà, ohùn yí padà, Mr. B kò kú.

Ọ̀rọ̀ èdè náà yẹ fún àròjinlẹ̀. Lásìkò yẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ eré apanilẹ́rìn-ín fi ń fa ẹ̀rín, bí irú èyí tí Zebrudaya máa ń sọ nínú The New Masquerade. Saro-Wiwa kọ̀ láti tọ ọ̀nà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ni Basi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Kì í ṣe pé òǹkọ̀wé náà kò mọ bí a ti í ṣe èkejì: òun kan náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì kọ ìwé ìtàn Sozaboy ní ọdún 1985. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, eré kékeré rẹ̀ tó ń jẹ́ The Transistor Radio, tó di eré orí rédíò ní ọdún 1972, ni Basi and Company sì ti hù jáde. Ohun tí ìpinnu rẹ̀ yìí fi hàn wá ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ní làákàyè nínú, kò dìgbà tí a bá ba èdè jẹ́ kí ó tó pani lẹ́rìn-ín. Èdè tó mọ́ tún mú kí ẹlẹ́tàn náà dùn ún wò sí i, nítorí pé bí Basi bá ṣe ń to ọ̀rọ̀ bí adájọ́ àgbà ni ebi ń pa á tó.

Ìran Yorùbá náà kò kẹ̀rẹ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Kí Basi tó dé, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ti fi Baba Sala hàn wá lórí tẹlifíṣàn ní Ìbàdàn, ahun tó ń fi aago ńlá ṣe aago ọwọ́, tó so táì aláràbarà mọ́rùn. A rẹ́rìn-ín aṣọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ahun inú rẹ̀ ni a mú relé. Lẹ́yìn rẹ̀, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé Jénífà dé nínú fíìmù ọdún 2008, ọmọbìnrin tó fẹ́ dà bí àwọn ọmọ ńlá ní gbogbo ọ̀nà, tí ẹnu rẹ̀ kò sì bá ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ dọ́gba. Ó ti di eré orí tẹlifíṣàn láti ọdún 2015, àwọn ènìyàn kò sì tíì sọ pé ó sú àwọn. Ahun kan, ọmọbìnrin olójúkòkòrò ayé ńlá kan, ọ̀lẹ kan tó ń lá àlá mílíọ̀nù: ohun tó so àwọn mẹ́ta pọ̀ ni pé a mọ wọ́n ládùúgbò wa. Bí a bá tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, a mọ wọ́n nínú ara wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ayé tí wọ́n bí Basi sí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó epo rọ̀bì ya wọ Nàìjíríà bí omi tó ya bèbè. Àwọn kan di olówó òjijì láìṣe iṣẹ́ kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Nígbà tó di ọdún 1986, owó epo ti wálẹ̀, ìjọba ológun ti gbé ètò SAP kalẹ̀, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Owó lọ, ṣùgbọ́n ojú tó ti mọ́ owó kò lọ. Basi ni ojú náà. Ó rí àwọn tó là láìṣiṣẹ́, ó sì gbà pé ìrònú nìkan ló kù tí òun kò tíì rò dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀ yẹn, ẹ̀fẹ̀ ni. Saro-Wiwa fi ń sọ fún wa pé ẹ wò ó, ẹni tí kò lè san owó yàrá kan ló ń kọ́ wa bí a ti í di olówó.

Ǹjẹ́ a gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà? A gbọ́ ọ nígbà náà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bóyá la ṣì ń gbọ́ ọ lónìí. Gbólóhùn kan náà tí a fi ń rín Basi ni wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ nínú gbọ̀ngán ìpàdé, tí wọ́n ń san owó ìwọlé kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Wọ́n ń kọ ọ́ sára mọ́tò, wọ́n ń wàásù rẹ̀, wọ́n ń fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá ní òwúrọ̀ lórí fóònù. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ètò sogúndogójì tí wọ́n ń pè ní MMM ti àpò owó pa mọ́ àìmọye ọmọ Nàìjíríà lójú. A ní a ti kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, èyí tí wọ́n ń pè ní CBEX tún dà wó, ẹkún tún sọ. Láàárín àwọn tó sọ owó nù, a rí tíṣà, a rí oníṣòwò, a rí akẹ́kọ̀ọ́. Ìjàpá tẹ́ lánàá, ó ń palẹ̀ mọ́ fún àjò ọ̀la. Bí ó bá jẹ́ inú àlọ́ ni, ó dùn. Bí ó bá jẹ́ owó ìyá ẹni ló bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà di ohun mìíràn.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àríwísí kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ nípa irú eré bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé eré tó bá mú kí a fẹ́ràn gbájúẹ̀, ìwà gbájúẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, kò yẹ kí a kàn fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé a fẹ́ràn Basi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń gbẹ̀yìn rẹ̀: kò jẹ èrè jìbìtì rẹ̀ rí. Bí owó bá tilẹ̀ kan an lọ́wọ́, ìmọ̀ràn tìrẹ gan-an ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí a kórìíra láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè kọ́ wa ní nǹkan kan, nítorí pé lójúkan náà ni a ó ti ní kì í ṣe àwa. Ẹni tí a fẹ́ràn, tí a sì ń rí i tó ń gbẹ́ kòtò tí yóò já sí, òun ló lè mú kí ènìyàn fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ wò. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni eré tó fi gbájúẹ̀ sínú ọkọ̀ olówó ńlá, tó fi orin kì í, tí kò sì jẹ́ kí a rí gbèsè rẹ̀ rárá. Irú wọn kò wọ́n lóde òní.

Ìtàn ẹni tó kọ eré náà tún mú kí n gbà pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1958 ni wọ́n rí epo rọ̀bì nílẹ̀ Ogoni. Epo náà ba odò wọn jẹ́, ó ba oko wọn jẹ́, owó rẹ̀ sì gba ibòmíràn lọ. Ọdún 1990 tí Basi kúrò lórí afẹ́fẹ́ ni ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀ láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ogoni, Saro-Wiwa sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba Sani Abacha so òun àti ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Gbogbo ayé bínú. Àwọn mìíràn máa ń pín ayé ọkùnrin yìí sí méjì, pé aláwàdà ni lákọ̀ọ́kọ́, kó tó di ajàfẹ́tọ̀ọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni. Owó tí ẹnikẹ́ni kò làágùn fún ló sọ Basi di ohun tó dà. Owó náà kan náà ló sọ ilẹ̀ Ogoni di aṣálẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rín bá wa sọ ọ́, nígbà tó yá, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sọ ọ́.

Kí wá ni ká ṣe? N kò ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ṣe àwàdà oníṣẹ́jú kan ṣíwọ́. Làákàyè wà lórí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ìdílé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n fún àwọn ènìyàn inú àwàdà wọn ní yàrá tí wọn yóò máa gbé, gbèsè tí wọn yóò máa sá fún, àti ohun kan tí ọkàn wọn ń fẹ́ tí ọwọ́ wọn kò tó. Ìfọ́tí kò ní ìgbà kejì. Ẹni tí a mọ ìwà rẹ̀, a ó máa bi ara wa pé kí ni onítọ̀hún ń ṣe lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kejì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ NTA. Inú yàrá ìṣeré wọn ní Enugu ni wọ́n ti ṣe eré yìí, ogún gbogbo wa sì ni. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn apá rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà, ní aago tí ẹbí lè jókòó pọ̀ wò ó, kì í ṣe ní òru. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún àwọn eré Baba Sala tó bá wà ní Ìbàdàn. Kí àwọn òbí sì jókòó ti àwọn ọmọ wọn wò ó, bí ìyá àgbà ti máa ń jókòó tì wá nígbà àlọ́. Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín Mr. B tán, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí ọkùnrin yìí gbà lónìí, mélòó ni àwọn ènìyàn ti gbà ọ́ lórí fóònù rẹ láti àárọ̀?